Orúkọ Kẹrin Lórí Póstà Òkú

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lẹ póstà òkú Ataa Kotei mọ́ ògiri ilé wa ní Darkuman. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní Accra, bí ọ̀rọ̀ òkú bá ti délẹ̀, ògiri kì í ní onílé mọ́. Wọ́n ń lẹ òkú mọ́ òpó iná, mọ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ trótrò tó bá dúró pẹ́ jù. Àwòrán rẹ̀ wà láàárín, ó ró aṣọ kẹ́ńtè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ó lò láyé. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n to orúkọ opó rẹ̀, orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, wọ́n wá to orúkọ àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́rin ni. Mo mọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, àwa la jọ ṣeré dàgbà. Èmi ni ẹ̀kẹrin.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, ó dúró níwájú ògiri pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó wá ké sí mi nínú ilé.

"Fàdílá, jáde wá. Wọ́n ti gbà ọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Ẹ̀rín ni ó ń rín. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti ń sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ní ìta gbangba, lójú àwọn tó ń kọjá.

Kí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín tó lè yé yín, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Bàbá bàbá mi, Àlàmú Àrówólò, ọmọ Ẹjìgbò ni. Ó ta abọ́ tánganran ní Cow Lane ní Accra fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ní ọdún 1969, ìjọba ìgbà náà ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé wo? Nínú gbogbo àwọn tó ti ra abọ́ lọ́wọ́ bàbá bàbá mi, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé rí kí ó tó rà á. Ó kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi ọjà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi, Àlàní, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Ó máa ń sọ fún wa pé bàbá òun kò la ẹnu láti Accra títí dé Ẹjìgbò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà kú, kò sì ṣe àìsàn kan tí a lè dárúkọ.

Àwọn kan pín ẹrù àwọn Alata tó lọ, bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Alata ni wọ́n ń pè wá níbí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Gà kan tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nítòsí Cow Lane, Kotei ni orúkọ ìdílé rẹ̀, kó abọ́ bàbá bàbá mi lọ sí ilé ara rẹ̀, ó tì í mọ́lé. Nígbà tí bàbá mi padà wá ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ilé náà ni ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé abọ́ jáde fún un. Eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò dín. Ọmọ káfíńtà yẹn, tó fi ọdún díẹ̀ ju bàbá mi lọ, ni ó bá a ru abọ́ náà lọ sí ọjà. Òun ni àwa ọmọ wá mọ̀ sí Ataa Kotei, nítorí Ataa ni àwọn Gà ń pe bàbá. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ikú Ataa Kotei, bàbá mi kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn, kò sì wá òmíràn.

Bàbá mi ti pinnu pé wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé lé ọmọ tòun. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, òwe rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ìyá mi bá ti bímọ, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí a jọ gba ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lọ, Ataa Kotei a ní òun ni bàbá ọmọ, akọ̀wé a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n búra. Bí Láwàlì ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti Usamah àbúrò mi ṣe di Kotei nínú ìwé nìyẹn, tí a sì ń jẹ́ Àrówólò nínú ilé àti ní ilé kéwú.

Ọgbọ́n ńlá ni bàbá mi kà á sí, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Ataa Kotei bá wọlé, bàbá mi a ní, "Ẹ dìde, ẹ kí bàbá yín." Ataa Kotei a béèrè bóyá àwọn ọmọ òun ti jẹun. Yẹ̀yẹ́ kejì ilé wa ni pé ọmọ oṣù méje ni mí. Ọdún tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè, bàbá mi há sí Ẹjìgbò fún ìgbà pípẹ́. Oṣù keje tó padà dé ni wọ́n bí mi, mo sì sanra ju Láwàlì tó pé oṣù mẹ́sàn-án lọ. Bàbá mi ní ìkánjú àtirí òun ló ń ṣe mí. Ìyá mi kì í bá wa rẹ́rìn-ín sí yẹ̀yẹ́ méjèèjì. A kàn gbà pé kò gba àwàdà ni.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Legon ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ Gà á gbọ́ Kotei, wọn a bá mi sọ èdè Gà, wọn a bi mí pé Kotei ti agboolé wo. Gà tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Wọn a wò mí bí ẹni tó jí aṣọ wọ̀. Abena, ọmọ Kumasi tí a jọ ń gbé yàrá, ni ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Fàdílá, ta gan-an ni ẹ́?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Abena kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ìlú tòun, ènìyàn kì í yá orúkọ.

Ní ọdún kẹta, olùkọ́ kan ní kí olúkúlùkù wa kọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Mo lọ ka àwọn ìwé ìròyìn 1969 ní yàrá ìkàwé. Mo rí àwòrán àwọn Alata lórí ọkọ̀ akẹ́rù, obìnrin kan gbé ìkòkò mọ́ àyà bí ọmọ. N kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, mo sì sunkún débi pé ẹni tó ń tọ́jú ìwé wá bi mí bóyá ara mi kò yá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra orúkọ Kotei. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní fi orúkọ tí a sá pamọ́ sí gba ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ ìgboyè, Àrówólò ni wọn yóò pè, sókè, kí gbogbo Gánà gbọ́ pé àwọn tí wọ́n lé lọ ti padà wá. Ẹ ò rí i, ọmọ ogún ọdún ni mí, mo rò pé èmi ni n ó gba ẹ̀san ìdílé.

Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ bàbá mi kó tó gbà. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Agbẹjọ́rò kan ṣàlàyé fún wa: bàbá tó bí mi gan-an gbọ́dọ̀ wá sí ilé ẹjọ́, kí ó fi Kùránì búra pé òun ni bàbá mi, pé èyí tó wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti búra, ó tán. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ Túsìdeè, nítorí ọ̀sẹ̀ náà ni yunifásítì yóò ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ gboyè. Ọdún 2008 ni.

Ìyá mi ni kò gbà. Sàúdátù ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, kò sì sí oníbàárà tó lè sọ̀rọ̀ sí i kí ó má fún un lésì tó tọ́ sí i.

"Kí ni orúkọ yẹn ṣe fún ọ?" ó bi mí.

"Irọ́ ni, Màámi."

"Irọ́ tó gbé ọ dé Legon."

"Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ̀yin àti Bàbá, ẹ ti fi gbogbo ayé yín sá pamọ́. Èmi ò lè sá pamọ́ ní tèmi."

Ó wò mí. Ó ká aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó tún un ká. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀. Mo ṣì rántí bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì tán lára mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé nìyí nígbà tí Ataa Kotei kú, tí orúkọ mi sì jáde lórí póstà rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìbúra.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo pe Abena lórí fóònù, mo ní kí ó wá gbọ́ ohun apanilẹ́rìn-ín. Mo ka póstà náà fún un, mo ní ó dájú pé àwọn ará ilé Kotei ti rí ìwé ìbí mi.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, àwọn ènìyàn ń bá ara wọn dé kóòtù kí orúkọ wọn tó lè wà lórí póstà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń fi ṣeré. Ìwé tí ẹ sọ pé wọ́n rí yẹn, ṣé orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ àti àbúrò ẹ kò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí wọn ò fi sí lórí póstà?"

Mo ní àyè ni kò gbà wọ́n. Mo jáde lọ wo póstà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àyè wà níbẹ̀ fún ọmọ mẹ́wàá.

Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá mi rán mi sí ilé Kotei ní James Town. Ó ní kí n bá òun kí wọn, kí n sì rọra ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ àárín òun àti olóògbé ni, kí wọ́n má fi da ara wọn láàmú. "Kí wọ́n má lọ pín ogún fún ọ," ó fi kún un, ó sì fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Naa Dedei, ẹ̀gbọ́n Ataa Kotei lóbìnrin, jókòó sí àgbàlá láàárín àwọn obìnrin tó wọ aṣọ dúdú àti pupa. Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Mo jẹ́ iṣẹ́ bàbá mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí àwọn obìnrin yòókù fún wa láyè. Ó mú mi lọ́wọ́, ó rọra ń sọ Gà kí ó lè yé mi. Ó ní nígbà tí àbúrò òun mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́, ó pe òun àti àgbà ọkùnrin méjì, ó ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ka mẹ́ta. Ó sinmi. Ó ní ẹ̀kẹrin ni ọmọbìnrin ilé àwọn Alata ní Darkuman.

"Ìwé ló ń sọ, Ìyá," mo ní. "Ìwé ni."

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Mo ní, àwọn ọmọkùnrin ńkọ́, àwọn náà ń jẹ́ orúkọ wa. Ó ní ọmọ Àlàní ni àwọn ọmọkùnrin. Ó ní ìwé ni òun bá Àlàní kọ fún wọn."

Ó wọ yàrá, ó mú aṣọ kan jáde, dúdú tó ní ìlà pupa. Oríṣi aṣọ kan ṣoṣo náà ni wọ́n gé fún àwọn ọmọ olóògbé, kò sí ẹlòmíràn tó ń ró o. Ó fi í sínú ọ̀rá fún mi. N kò mọ ìdí tí n kò fi kọ̀ ọ́. Bóyá nítorí pé ó ń sunkún ni. Bóyá nítorí pé mo ti mọ̀ láti alẹ́ àná, tí mo sì fẹ́ kí ẹnìkan fi ọwọ́ tì mí kí n lè ṣubú.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti to irọ́ tí n ó pa. N ó ní wọ́n ti gbọ́, wọ́n tọrọ gáfárà, àṣìṣe ẹni tó tẹ póstà ni. Irọ́ tó dára ni. Mo ti wọ àgbàlá wa tán kí n tó rántí ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ti gbé nínú ìlú yìí pẹ́ ju kí ó má mọ aṣọ yẹn lọ.

Ó wò ó. Ó rò ó díẹ̀, kò ní ìkanra kankan, bí ẹni tó ń wá ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

"Ti Láwàlì ńkọ́?" ó ní.

Mo gbé ọ̀rá náà mọ́ àyà.

"Ti Usamah ńkọ́?"

Ìyá mi ti yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó rí ọ̀rá náà, ó rí ojú mi. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbẹrẹfu níwájú bàbá mi, obìnrin tí orúnkún ń dùn. "Bàbá Láwàlì," ni ó pè é. Bàbá Láwàlì ni ó ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó sọ ọ́ láìfi omi là á. Ó ní ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè, kò sí lẹ́tà, kò sí ìró. Ẹnìkan tó ti ọ̀nà Ẹjìgbò bọ̀ sọ fún òun pé wọ́n ti sin Àlàní. Òun jókòó opó fún oṣù mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ataa Kotei ni ó ń gbé kẹ́ńkẹ́ àti ẹja wá fún òun àti Láwàlì, ó sì ń san owó ilé. Kò fi ipá mú òun. Nígbà tí Àlàní já wọlé láàyè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ti ṣe oṣù méjì tí òun kò rí nǹkan oṣù òun. Òun ni òun bẹ Kotei pé kí ó má sọ. Kotei fẹ́ sọ. Léraléra ni ó fẹ́ sọ.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í.

"Lọ́jọ́ tí a jọ lọ forúkọ ọmọ yìí sílẹ̀, ó mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Mo dúró tì í," bàbá mi ní. "Wọ́n ní ta ni bàbá ọmọ, ó ní òun ni. Mo fi ìgúnpá gún un ní ìhà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ó dìde, ó ṣe àlùwàlá, ó wọlé lọ kírun ọ̀sán. Nínú gbogbo irọ́ tí bàbá mi pa fún ìjọba Gánà, ẹyọ kan jẹ́ òótọ́, òun nìkan ni kò sì mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa yàtọ̀. Inú irọ́ ni òtítọ́ tiwa jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé mi àti ìgbéraga mi ni mo sì lọ ń tú u.

Kò lé ìyá mi. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò pariwo. Ó jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ní ẹ ṣé. Èyí burú ju ariwo lọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè, ó dá lọ sí Cow Lane, ó sì pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tó lọ ṣe, ibi tí bàbá rẹ̀ ti tajà ti di ilé ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tí a bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yà fún mi kí n kọjá. Bàbá kì í yà fún ọmọ rẹ̀. Àlejò ni ènìyàn ń yà fún.

Mo ti gbà pé kò sí ìbúra mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

"Ọ̀la ni, àbí? Aago mẹ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá fẹ́..."

"N ó wá."

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ẹni tó bá dàgbà tó pé ọmọ yunifásítì yẹ kí ó mọ ìgbà tí à ń tú ènìyàn sílẹ̀. Ìyá mi gan-an wọlé wá bá mi, ó ní, "Fàdílátù, jẹ́ kí ó sinmi." Mo ní òun kọ́ ni yóò kọ́ mi bí a ti ń fi ọkàn bàbá mi balẹ̀. Ó jáde. Inú mi ń dùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀, kí n má purọ́. Ó ní òun yóò wá. Mo rò pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti yàn mí.

Ó wọ agbádá funfun tó fi ń kírun ọdún. A dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ra omi inú ọ̀rá, ó fi ṣe àlùwàlá lẹ́bàá gọ́tà, ó rọra fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin onísùúrù, ó pè é ní Alhaji, ó sì gbé Kùránì tí a fi aṣọ wé síwájú rẹ̀. Ó ní òun yóò máa kà á díẹ̀díẹ̀, kí ó máa sọ ọ́ tẹ̀lé òun. Bàbá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì.

Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó sọ pé Darkuman ni òun ń gbé, pé ọjà títà ni iṣẹ́ òun. Akọ̀wé ka èyí tó kàn, pé òun ni bàbá tó bí Fàdílátù.

"Ẹ tún un kà," bàbá mi ní.

Akọ̀wé tún un kà.

"Ṣé a lè kọ ọ́ báyìí pé èmi ni mo tọ́ ọ?"

"Alhaji, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù kọ́ nìyẹn."

"Mo lè búra pé èmi ni mo gbé e sẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ibà mú un, tí kò sí ọkọ̀. Mo lè búra pé èmi ni mo kọ́ ọ ní Fátíhà. Mo lè búra pé n kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ mi tó o. Ẹ kọ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni n ó búra lé e."

Akọ̀wé wo ẹ̀yìn wa, níbi tí àwọn ènìyàn ti tò. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kò sí ibi tí òun yóò kọ ọ́ sí. Bàbá mi yíjú sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé náà.

"Fàdílá, Kùránì ni."

Mo mọ ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ mi. Kí n ní ó tó, Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ìyẹn nìkan ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo ní.

Ó wò mí títí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí Kùránì, ó rọra fi aṣọ wé e padà bó ṣe bá a.

"Má bínú," ó wí fún mi.

Mo fẹ́ kí ó búra èké. Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí. Mo mọ ọkùnrin náà, mo mọ̀ pé kì í jẹ ẹran tí kò bá mọ ẹni tó dú u, mo sì fẹ́ kí ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ̀ kí ó purọ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ọlọ́mọ: èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ yẹn. Ká ní ó búra ni, ǹ bá gbà pé ó fẹ́ràn mi. Kò búra, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, kò sì wúlò fún ohunkóhun.

Níta, oòrùn ti mú. A dúró ní ibùdókọ̀. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe ní èjìká, ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sin ín. Ró aṣọ tí wọ́n fún ọ, kí o lọ. Ọmọ kì í fi òkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni bàbá mi."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n kí ní ọ̀nà. Trótrò kan yà wá, wọ́n ń pe Kaneshie, Kaneshie. Àyè méjì ló kù níbẹ̀. Bàbá mi wọlé, ó jókòó sí ọ̀kan, ó kó etí agbádá rẹ̀ sórí itan kí ó má baà dí ẹni tó máa jókòó tì í lọ́wọ́. Mo dúró dè é kí ó wò mí. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó bi í bóyá ẹnìkan ni ó ní àyè yẹn. Bàbá mi ní kò sí ẹnìkan.